Hóró funfun nínú ike oògùn ẹ̀jẹ̀: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Tíṣà ìṣirò ni obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Igbákejì ọ̀gá ni nílé ìwé girama tó ti ń kọ́ni, ó sì ti lé lógójì ọdún. Ó gbà kí n kọ ìtàn òun sílẹ̀. Àdéhùn wa ni pé n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò ní sọ ibi tó ń gbé, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké padà kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí i. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa gba àwọn tó ń lo oògùn HIV nímọ̀ràn. Ẹ̀yin tí a jọ wà nídìí iṣẹ́ yìí ni mo ń kọ ọ́ fún: nọ́ọ̀sì, dókítà, apòògùn, àti ẹni tó ń kó fáìlì. Ohun tó ṣe é lè máa ṣe ẹlòmíràn lọ́dọ̀ yín lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, kó sì jẹ́ pé àìgbọràn ni ẹ̀ ń pè é.

Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀

Ọdún 2019 ni àyẹ̀wò gbé kòkòrò HIV jáde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nígbà tó ń múra fún iṣẹ́ abẹ kékeré kan. Tí a bá wo ti oògùn nìkan, ìgbà tó dára ni. Láti 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá kòkòrò náà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn, kó má dúró títí àwọn sójà ara rẹ̀ yóò fi dín kù. Ní 2019 kan náà ni àjọ yìí sọ dolutegravir di oògùn tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀. Hóró kan ṣoṣo lóòjọ́ ni wọ́n fún un, ó funfun, ó gùn díẹ̀, wọ́n ti po tenofovir, lamivudine àti dolutegravir pọ̀ sínú rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré débi pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì wà fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Òun nìkan ló ń dá gbé nígbà yẹn. Orí tábìlì yàrá ni ike oògùn rẹ̀ máa ń wà. Tó bá ti fọnu tán, á gbé e mì, á kó ìwé àwọn ọmọ tó ti máàkì, ó di ẹnu iṣẹ́. Ó sọ fún mi pé, "Tíṣà ni mí, mo sì ń lo oògùn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ." Mo fẹ́ kí ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, torí pé ohun tó sọ nù lẹ́yìn náà gan-an nìyẹn, kí oògùn rẹ̀ tó sọ agbára nù.

Nǹkan méjì yí padà láàárín oṣù díẹ̀. Ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ obìnrin tú ká, àbúrò náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá bá a gbé. Ní àkókò kan náà, ilé ìwòsàn kó gbogbo ìtọ́jú HIV lọ sí ilé kan lẹ́yìn ọgbà, wọ́n fún un ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ọjọ́ tirẹ̀, àti káàdì tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo aláìsàn yòókù. Èrò rere ló wà nídìí ètò yìí, kí àwọn ènìyàn má baà dúró pẹ́ lórí ìlà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé yẹn lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kò sí àṣírí kankan tó kù fún un láti pa mọ́. Ilé náà ti bá a sọ ọ́.

Ìyá ọmọ kan tó wà ní kíláàsì rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà," ojú rẹ̀ bọ́ sára káàdì tó wà lọ́wọ́ tíṣà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ìyá yìí sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, kò sí òbí tó kí tíṣà tí kì í wá ohun tó fara pa mọ́ sínú ìkíni náà. Bí ìdẹ́yẹsí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kò dìgbà tí wọ́n bá bú ènìyàn lójú. Ẹni tó ti ń gbọ́ láti kékeré bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ní HIV ti mọ gbogbo ohun tí wọ́n máa sọ nípa òun náà, á sì ti máa sọ ọ́ fún ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn pa mọ́.

Nígbà tí àyẹ̀wò gbéra sókè

N kò tíì dé ibi iṣẹ́ náà nígbà tí apá yìí ṣẹlẹ̀, inú fáìlì àti ẹnu rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò ọdún tó tẹ̀ lé e bá ẹ̀dà kòkòrò 1,840 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tó bá ti lé ní 1,000, kí a jókòó ti ẹni náà dáadáa lórí bó ṣe ń lo oògùn, ká sì tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo fara mọ́ ìlànà yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, àìlo oògùn déédéé ló ń fà á, tí ẹni náà bá sì ti ń lò ó bó ṣe yẹ padà, kòkòrò á tún rẹlẹ̀ láì jẹ́ pé a yí ohunkóhun padà.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe jókòó tì í nìyí. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ kì í gbàgbé?" Ó ní rárá. "Ṣé ó dá yín lójú?" Ó ní ó dá òun lójú. Wọ́n ka hóró tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó pé géérégé. Ẹnì kan wá kọ ọ́ sínú fáìlì pé: "Ó ní òun ń lò ó. Kò dájú." Nígbà tó tún padà wá, wọ́n ní kó mú ẹnì kan nínú ilé tí á máa rán an létí, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní òun kò lè ṣe é. Wọ́n kọ ọ́ pé: "Kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀." Ìmọ̀ràn tó tẹ̀ lé e ni kó máa tẹ aago ìdájí, òun tó jẹ́ pé aago kọ́ ló ń jí i láti ọdún gbọọrọ.

Wọ́n bi í pẹ̀lú bóyá ó ń lo oògùn mìíràn. Ó ní rárá. Ẹ jẹ́ ká dúró síbi ìdáhùn yìí, torí a máa padà sí i.

Àyẹ̀wò kejì gbé 6,300 jáde. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n sọ fún un pé tó bá ń lọ báyìí, wọ́n máa gbé e lọ sórí oògùn ìpele kejì, èyí tí hóró rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tí hóró kan ṣoṣo ti sú láti fi pa mọ́, ẹ ní ẹ fẹ́ fi púpọ̀ kún un. Wọ́n tún sọ fún un pé pẹ̀lú iye kòkòrò tó wà lára rẹ̀ báyìí, ewu ni fún ẹlòmíràn. Wọn kò ṣàlàyé ewu wo, àti fún ta ni.

Kò yọjú ní àdéhùn tó tẹ̀ lé e. Kò yọjú ní èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn.

Ìbéèrè tó yí nǹkan padà

Ẹni tó mú un padà wá ni arábìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí òun náà ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV. Ó pè é lórí fóònù, kò sọ ọ̀rọ̀ àdéhùn tó pa jẹ, ó kàn béèrè àlàáfíà rẹ̀ àti bóyá a lè jọ rí ara wa níbi tó bá wù ú. Tíṣà ní òun kò ní dé ilé ẹ̀yìn ọgbà yẹn mọ́. Yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wo ojú ni a lò. Èmi náà jókòó síbẹ̀.

A kò béèrè bóyá ó ń lo oògùn. Arábìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ fún wa bí ilẹ̀ ṣe máa ń mọ́ nílé yín."

Ó kọ́kọ́ wò wá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ìdájí ló máa ń dìde, kí ẹnikẹ́ni tó jí. Inú balùwẹ̀ ló ti ń lo oògùn, pẹ̀lú omi tó bù láti alẹ́. Ó ti ju ike tó ti wá nù, torí àkọlé ara rẹ̀. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ike oògùn ẹ̀jẹ̀ kan jáde, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà láì sí ìwé dókítà, ó sì da díẹ̀ lára rẹ̀ sórí bébà tó wà níwájú wa. Àwọn hóró pupa rẹ́súrẹ́sú wà níbẹ̀, ti oògùn ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Àwọn hóró funfun gígùn wà láàárín wọn. Erùpẹ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́ ara àwọn funfun náà.

Ọmọ àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ló bá a nínú balùwẹ̀ lọ́jọ́ kan tó sì béèrè pé, "Màmá, kí ni ẹ̀ ń lò?" Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ni. Ọmọ náà ní kí ló dé tí ọ̀kan fi funfun. Ó ní oríṣi méjì ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé méjèèjì mì pọ̀ láràárọ̀, pupa kan, funfun kan. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kàn fi pupa sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti sọ fún ọmọ pé méjèèjì ni mò ń lò. N kò fẹ́ kó jẹ́ irọ́."

Mo bi í pé, "Ṣé kí ẹ tó jẹun ni, mà?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Iron ló wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ pupa yẹn, dolutegravir sì wà nínú funfun. Dolutegravir ń dá HIV dúró nípa gbígbá àwọn èròjà magnesium mú nínú ẹ́ńsáìmù tí kòkòrò náà fi ń so ara rẹ̀ mọ́ àbùdá sẹ́ẹ̀lì wa. Ọwọ́ tó fi ń gbá magnesium mú yẹn náà ló fi ń gbá iron, calcium àti aluminium mú tó bá pàdé wọn nínú ìfun. Tó bá ti dì mọ́ wọn níbẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní lè wọ ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí èyí fi hàn pé tí ènìyàn bá lò ó pọ̀ mọ́ iron láì tíì jẹun, iye oògùn tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ ń fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Tó bá jẹ́ pé pẹ̀lú oúnjẹ ni, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Obìnrin yìí kò pa oògùn jẹ rárá. Hóró tó kù pé torí pé ó ń gbé wọn mì lóòótọ́. Òótọ́ ló ń sọ látìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó kọ "kò dájú" ni ọ̀rọ̀ wọn kò dájú.

Ó wá ku ìdáhùn tí mo ní ká padà sí. Wọ́n bi í bóyá ó ń lo oògùn mìíràn, ó ní rárá, kò sì purọ́. Lójú rẹ̀, ohun pupa yẹn kì í ṣe oògùn, aṣọ tó fi bo oògùn ni. Kò sí ìwé ìbéèrè kankan tí ibi tí èèyàn ti lè kọ irú ìyẹn sí wà nínú rẹ̀. Tó bá tilẹ̀ wà, kò ní kọ ọ́, torí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé ẹni tó bá ń fi oògùn pa mọ́ kò tíì gba kámú.

Ohun tí a ṣe

A kò ní kó má fi pa mọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́. Ẹni tó ń fi oògùn pa mọ́ tó sì ń lò ó lójoojúmọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ìrànlọ́wọ́ ló nílò kí ìpamọ́ náà má baà pa oògùn lára.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò ṣaláìní iron, nítorí náà pupa kúrò níbẹ̀. A ní kó dá àkókò tó máa rọrùn fún un fúnra rẹ̀. Ó mú ìsinmi ọ̀sán, nínú ọ́fíìsì rẹ̀ nílé ìwé, ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun nìkan. Inú mi dùn sí ibi tó yàn yìí. Nílé, ẹni tó ń sápamọ́ sí balùwẹ̀ ni. Ní ọ́fíìsì yẹn, igbákejì ọ̀gá ni, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó ń gbé mì lọ́wọ́ rẹ̀. Apòògùn fún un ní ike tí kò ní àkọlé àrùn lára, tó dé pinpin, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, torí ọ̀rinrin balùwẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ oògùn. Ti ọmọ náà kò le: ó sọ fún un pé dókítà ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ti tó, òótọ́ sì ni.

Apá kejì le jù. A lọ bá olórí ibi iṣẹ́, a ní kí tíṣà máa gba oògùn oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì máa gbà á ní fèrèsé tí gbogbo ènìyàn ti ń gba oògùn. Ìlànà àgbáyé fàyè gba oògùn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà fún ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró de àyẹ̀wò tó ń bọ̀. Olórí ní a kò lè tún gbogbo ètò ṣe nítorí ẹnì kan. Arábìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó lọ pe àwọn tí wọ́n ti pa ìtọ́jú tì lẹ́yìn tí a kó lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, ó béèrè ìdí lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé ohun tí wọ́n sọ síwájú olórí ní ọ̀rọ̀ wọn gan-an. Bẹ́ńṣì àti káàdì ń jáde lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù yẹn kò tíì parí tí káàdì aláwọ̀ fi dópin. Fèrèsé gbogboogbò ṣí fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ilé ẹ̀yìn ọgbà ṣì wà, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀, torí wọ́n ń rí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí olúkúlùkù lè yàn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà wá: kò tó 50. A kò yí hóró kankan padà.

Ohun tó kù lẹ́yìn àyẹ̀wò

Mo rò pé ó máa yọ̀. Ó yọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò tíì sọ rí. Láàárín ìgbà tí iye náà ga, ó ti ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti àwọn ọmọ, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ kékeré náà sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ́. Ọ̀rọ̀ ewu tí wọ́n sọ láì ṣàlàyé ló fà á.

Ìhìn rere ni pé ẹni tí àyẹ̀wò kò bá rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè kó o ran ẹni tó ń bá lò pọ̀. Ìwádìí PARTNER, tí apá kejì rẹ̀ jáde ní 2019, tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ọ̀kan ní i tí èkejì kò ní i, tí wọn kì í lo kọ́ńdọ̀mù, kò sì rí ẹyọ ẹnì kan tó kó o lára ẹnì kejì rẹ̀ tó ń lo oògùn dáadáa. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó níwájú mi. Àmọ́ ọ̀nà ìbálòpọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ní ti ife, ìbora, ìdìmọ́ra àti orí ibùsùn, kò sí ewu fún ọmọ kankan, yálà iye náà jẹ́ 50 tàbí 6,300. Tí a kò bá la èyí yékéyéké, ẹni tí kòkòrò rẹ̀ rẹlẹ̀ á máa rò pé òun mọ́, ẹni tí tirẹ̀ ga á gbà pé ìdọ̀tí ni òun, a ó sì ti fi ọwọ́ ara wa dá ìtìjú kejì sílẹ̀ nídìí ìtọ́jú tó yẹ kó mú àkọ́kọ́ kúrò.

Ti fáìlì náà wà níbẹ̀. Ní 1983, àwọn tí éèdì ń bá jà pàdé ní Denver ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò gbà kí wọ́n máa fi àwọn pe ẹni tí àrùn ti ṣẹ́gun, pé ìgbàkígbà kọ́ ni àwọn jẹ́ aláìsàn, ènìyàn ni àwọn. Ohun tí wọ́n ń bá jà nígbà yẹn ló wà nínú "kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀." Gbogbo ẹni tó ṣí fáìlì yẹn lẹ́yìn ìyẹn, olóríkunkun ló kọ́kọ́ pàdé kó tó pàdé tíṣà. A ti kọ àtúnṣe sí abẹ́ gbólóhùn méjèèjì, dókítà sì fọwọ́ sí i.

Kò tíì sọ fún àbúrò rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ara rẹ̀ sì le, iye kòkòrò rẹ̀ kò gbéra mọ́. Ẹ má fi sísọ fún ará ilé ṣe ẹnubodè tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó rí ìtọ́jú tó péye.

Níbi iṣẹ́ tèmi, tí iye kòkòrò bá gòkè lára ẹni tó ní òun ń lo oògùn, a máa ń gbà á gbọ́ ná. A ó ní kó sọ bí òwúrọ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ, kó sì mú ohun tó ń kó oògùn sí wá. A ó dárúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: oògùn ẹ̀jẹ̀, oògùn egungun, oògùn inú tó ń ta, fítámì, títí kan èyí tó kà sí nǹkan lásán. Iron, àti calcium tó wà nínú oògùn egungun, ó lè lò wọ́n pọ̀ mọ́ dolutegravir tó bá ń jẹun. Tí kò bá ní jẹun, kó lo dolutegravir ní wákàtí méjì ṣáájú wọn tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Ti oògùn inú tó ní aluminium tàbí magnesium, oúnjẹ kò yanjú rẹ̀, kó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni aláboyún tó ń gbé pẹ̀lú HIV. Wọ́n á fún un ní iron àti calcium níbi ìtọ́jú oyún, á gba dolutegravir níbòmíràn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó fún un ní ọ̀kan kò sì mọ̀ nípa èkejì. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ níbi ìtọ́jú oyún, ẹ béèrè ìgbà tó ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ yọjú, nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì.